Bí A Ṣe Ń Gbé Ẹsẹ Ìhìnrere Kan Kúrò Lórí Ẹní Àdúrà Dé Ẹnu Ọ̀nà Aládùúgbò

Kì í ṣe àdúrà ni ó wọ́n wa ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìpè mọ́ṣáláṣí ti dún, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú yìí náà ni Samuel Oshoffa, ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọdún 1947, kí àwọn aláṣọ funfun tó tàn dé Èkó àti ibi gbogbo. Síbẹ̀, nínú agboolé kan náà tí orin òwúrọ̀ ti ń dún, a ó rí ẹni méjì tí wọn kò jẹ́ kí ojú wọn pàdé láti ìgbà òjò èṣí. Ọdún 11 ni mo ti fi ń darí ẹgbẹ́ kékeré kan tí ń ka Bíbélì ní ìjọ wa, mo sì ti rí i pé àárín ìdájí àti ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ ti ń já mọ́ wa lọ́wọ́: a kà á, a ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò bá wa jáde nílé.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà mú un jáde ni mo fẹ́ ṣàlàyé síhìn-ín. Ẹsẹ kan ni a ó lò fún ọ̀sẹ̀ kan, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́. Mátíù orí 5, ẹsẹ 23 àti 24 ni mo fẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé òpin, níbi tí Jésù ti sọ pé bí ènìyàn bá mú ẹ̀bùn rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ, tí ó sì rántí níbẹ̀ pé arákùnrin òun ní ohun kan nínú sí òun, kí ó fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà, lẹ́yìn náà ni kí ó padà wá fi ẹ̀bùn rẹ̀ rúbọ.

Ẹ kà á ní èdè tí ẹ fi ń bínú

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ó ń ka Bíbélì ní Faransé, nítorí pé èdè yẹn ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìwé kíkà. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò tí ì rí ẹni tí wọ́n da omi ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ó fi Faransé bínú. Èdè tí ìbínú ń gbà jáde ni kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbà wọlé. Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ti parí odindi Bíbélì ní Yorùbá láti ọdún 1884, nítorí náà kò sí àwáwí. Ará Kétu tàbí ará Ṣábẹ̀ẹ́ yóò bá ọ̀rọ̀ díẹ̀ pàdé nínú rẹ̀ tí wọn kì í sọ ní ilé rẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dá a dúró. Nígbà tí ó bá ti kà á bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ àgbà tí kò mọ ìwé. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni òye rẹ̀ kò tí ì dé, kí ó padà síbẹ̀ lọ́la.

Ibi tí a ó jókòó sí

Mátíù orí 6, ẹsẹ 6 ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà wọ inú yàrá rẹ̀ lọ, kí ó sì ti ìlẹ̀kùn. Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wa máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá dé ibẹ̀, nítorí pé nínú yàrá tí à ń wí yìí, ọmọ mẹ́rin ni ó ń sùn sí i. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Yàrá ìkópamọ́ ni ó túmọ̀ sí, ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ àti ẹrù sí. Òun kan náà ni Lúùkù lò ní orí 12, ẹsẹ 24, nígbà tí ó ń sọ pé ẹyẹ ìwò kò ní yàrá ìkópamọ́, kò sì ní àká. Ẹ̀gbẹ́ àpò gàrí tó. Ẹ̀yìn ilé ìdáná náà tó. Ọ̀gbẹ́ni kan nínú wa tí ó ń wa zémidjan, alùpùpù tí a fi ń gbé èrò, máa ń dúró sí abẹ́ igi kan kí ó tó gbé èrò àkọ́kọ́ rẹ̀. Yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò yọ kọ́kọ́rọ́ sí àpò, ó ní òun ti ti ìlẹ̀kùn nìyẹn. Ojú àwọn tí ń wo bí a ṣe ń gbàdúrà ni Jésù ní kí a sá fún, kì í ṣe ariwo ọmọdé.

Ọjọ́ mẹ́ta tí a ó fi kà á, tí a ó sì fi dákẹ́

Lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, ẹ ka ẹsẹ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má tí ì tọrọ ohunkóhun. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun: ní ọ̀rúndún 12, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tí ń jẹ́ Guigo ní ilẹ̀ Faransé fi í wé àkàbà onígbèésẹ̀ mẹ́rin, èyí tí í ṣe kíkà, ríronú, gbígbàdúrà, àti sísinmi níwájú Ọlọ́run. Ìṣòro tiwa ni pé orí ìgbésẹ̀ kẹta ni a máa ń fò sí láti ilẹ̀. A ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè, a sì ń kó gbogbo ẹ̀bẹ̀ ọdún jọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tí Mátíù orí 6, ẹsẹ 7 ti sọ gbangba pé kì í ṣe nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ó fi gbọ́ tiwa. Àwọn àgbà tí wọn kò ka Mátíù rí náà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Dídákẹ́ ni ó le jù. Ẹ ó jókòó, ọkàn yín yóò sì gba ọjà Ouando lọ, yóò ya sí owó iléèwé, yóò sì padà sórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan sọ sí yín lánàá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tàbí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ẹ rọra fà á padà sórí ẹsẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú ènìyàn kan ni ó ń yọ, tí ó sì ń padà wá, ẹ má ṣe lé e. Ẹ tún ẹsẹ náà wò dáadáa: iwájú pẹpẹ ni ọkùnrin yẹn ti rántí. Ó ti gba ojú ọ̀nà kọjá, ó ti ra ẹran ẹbọ, ó ti bá àwọn ènìyàn ṣàwàdà, kò rántí; ibi àdúrà gan-an ni ojú arákùnrin rẹ̀ ti yọ sí i. Ohun tí a sì ń bá jà gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ́ lè jẹ́ ìdáhùn tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ fi wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé àti àwọn tí ó kàn. Pẹpẹ tí àwọn Júù ń rúbọ lórí rẹ̀ wà ní Jerúsálẹ́mù. Gálílì ni Jésù ti ń sọ̀rọ̀, ó ju kìlómítà 100 lọ láàárín méjèèjì, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń rìn ín. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó ti Kétu rìn wá sí Àjàṣẹ́ tòun ti ewúrẹ́ tí ó fẹ́ fi rúbọ, tí ó ti dé iwájú pẹpẹ, tí a wá sọ fún un pé kí ó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó padà sí Kétu lọ parí ìjà. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí ó máa ná wọn.

Ta ni ó ní ohun kan nínú?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ náà ti mú èmi fúnra mi.

Ní ọdún tí mo da símẹ́ǹtì sí ẹ̀yìnkùlé mi, inú mi dùn pé ẹrẹ̀ ti tán nílé. Ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni ó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa, ẹ̀kọ ni ó ń ṣe tà. Láti ìgbà òjò ọdún yẹn ni ìkíni rẹ̀ ti yí padà: tẹ́lẹ̀, bí mo bá kí i, yóò béèrè àwọn ọmọ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà, “hẹ̀n” lásán ni mo ń gbà. Èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún un. Mo ní kí Ọlọ́run rọ ọkàn rẹ̀. Oṣù méje ni mo fi gba àdúrà yìí tọkàntọkàn, títí di alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń múra ohun tí a ó kà ní ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí mo sì wá ṣàkíyèsí pé ẹsẹ náà kò sọ pé bí ìwọ bá ní ohun kan nínú sí arákùnrin rẹ. Arákùnrin náà ni ó ní ohun kan nínú sí ìwọ. Èmi kò ní ohunkóhun nínú sí ìyá yìí, ohun tí mo sì fi ń gba ara mi láre nìyẹn ní gbogbo oṣù méje. Ẹsẹ náà kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹrin, àdúrà yín kò ní ju ìbéèrè kan lọ: Olúwa, ta ni ó ní ohun kan nínú sí mi? Ẹ mú bébà kékeré kan, kí ẹ kọ orúkọ tí ó bá wá sí yín lọ́kàn sílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo. Bí orúkọ mẹ́ta bá wá, ẹ mú ẹni tí ó sún mọ́ ilé jù, nítorí pé ẹni tí ó jìnnà ni ó máa ń rọ̀ wá lọ́rùn láti dárí jì.

Lílọ, àti ohun tí a ó sọ tí a bá dé ibẹ̀

Ọjọ́ karùn-ún ni ọjọ́ lílọ. Ẹ yan àkókò tí ọwọ́ ẹni náà yóò dilẹ̀, kì í ṣe àkókò tí ó rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ má mú Bíbélì dání. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí pé ohùn tí a gbà sílẹ̀ kì í rí ojú ẹni tí ń gbọ́ ọ.

Ìbéèrè ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ìbéèrè tí ẹ kò tí ì mọ ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tí Bátíméù afọ́jú kígbe pe Jésù ní ẹ̀bá ọ̀nà Jẹ́ríkò, ohun tí ẹni náà ń fẹ́ hàn sí gbogbo ayé, síbẹ̀ Jésù bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ kí òun ṣe fún un, ó sì dúró de èsì. Ní kànga Síkárì, nínú Jòhánù orí 4, òun náà ni ó kọ́kọ́ tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin ará Samaríà, ó sì fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí ń tọrọ kí ó tó sọ ohunkóhun nípa omi ìyè. Èyí ni mo rò pé àwa oníwàásù ń gbàgbé jù lọ: ìdáhùn ni a máa ń gbé lọ sílé onílé, a kì í gbé ìbéèrè.

Mo lọ bá ìyá náà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ̀kọ ti tán nínú agbada rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé ìkíni àwa méjèèjì ti tutù, mo sì mọ̀ pé kò lè jẹ́ lásán. Kí ni mo ṣe?” Kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó ní kí n máa bọ̀, ó mú mi gba ẹ̀yìn àtíbàbà tí ó ti ń dáná, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà ẹrẹ̀ kan tí ó ti gbẹ mọ́ ara ògiri, tí ó ga ju ẹnu ààrò rẹ̀ lọ. “Omi ilé yín nìyẹn,” ni ó wí. Ó ní láti ọdún náà, bí òjò bá ti ṣú, òun a kó igi ìdáná òun sórí ibùsùn, òun a sì jókòó sórí àpótí títí òjò yóò fi dá, nítorí pé bí igi bá tutù, kò sí ẹ̀kọ lọ́la.

Ẹnu mi ti là láti sọ pé birikilà ni ó yí ilẹ̀ náà sí ìhà ọ̀dọ̀ wọn, àti pé èmi kò sí nílé lọ́jọ́ tí ó ń ṣe é. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ẹ gbé irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ mì. Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe ní ìgbà náà ni pé kí ẹ tún ohun tí ẹ gbọ́ sọ, ní ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sọ ọ́, kí ó lè mọ̀ pé ó dé etí yín: “Omi ilé mi ni ó ń wọ ibi ààrò yín, orí ibùsùn ni ẹ sì ń kó igi sí.” Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ sì ṣọ́ra fún “bí”. “Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú” kì í ṣe àforíjì. Ẹni tí ó sọ ọ́ ti sá pamọ́ sẹ́yìn “bí” náà. “Mo ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí” ni a ń sọ.

Àtúnṣe kò gbọdọ̀ pẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Sákéù kò tí ì kúrò níwájú Jésù, nínú Lúùkù orí 19, tí ó fi ka iye tí òun yóò san padà fún ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ, ìlọ́po mẹ́rin. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀: owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún aṣọ ẹgbẹ́ Àjíǹde ni mo fi gbẹ́ gọ́tà láti ẹ̀yìnkùlé mi bọ́ sí ojú títì. Aṣọ àtijọ́ ni mo wọ̀ lọ́jọ́ ọdún yẹn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi sì fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ tó.

Àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè ṣòro

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ṣẹ̀ yín ńkọ́? Mátíù orí 18, ẹsẹ 15 ní kí ẹ lọ bá a, ẹ̀yin àti òun nìkan. Ẹ ó rí i pé nínú ẹsẹ méjèèjì, bí a ṣẹ̀ ènìyàn, bí ènìyàn ṣẹ̀ wá, àwa náà ni a ó dìde. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í ṣàdédé lọ dá àgbà lẹ́bi ní òun nìkan. Èrò tèmi ni pé nítorí kí a má ṣe dójú ti ẹni náà ni Jésù ṣe ní “ìwọ àti òun nìkan”. Bí ó bá jẹ́ pé àgbà ni, tí lílọ ọmọdé nìkan yóò sì dà bí àfojúdi, kí ó bẹ ẹnì kan tí àgbà náà bọ̀wọ̀ fún kí ó bá òun lọ, ẹnì kan péré, ẹni tí kì í ṣòfófó. Àwọn kan máa ń fi gbogbo ẹbí ṣe ẹlẹ́rìí láti ọjọ́ kìíní. Ìyẹn ti di ẹjọ́.

Ẹ má sì fi ẹsẹ yìí rán obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù padà sílé. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a ní ohun kan nínú sí ni Jésù ń bá wí, ẹni tí ó jẹ̀bi. Òun ni ó yẹ kí ó fi ẹ̀bùn sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ wú.

Bí ẹni tí a fẹ́ lọ bá kò bá jẹ́ Kristẹni, kò sí ohun tí ó yí padà nínú ìlànà yìí, àyàfi pé kí a túbọ̀ dákẹ́. Ní Àjàṣẹ́, Mùsùlùmí, Kristẹni àti olórìṣà ni wọ́n ń jẹ nínú àwo kan náà nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, ojú kan náà ni wọ́n sì ń bá ara wọn pàdé níbi ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú. Ẹni tí ó bá sọ ìlàjà di ìwàásù ti jẹ́ kí ẹnìkejì mọ̀ pé tìtorí ìyípadà ni òun ṣe wá. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì wá sí Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1993, ó jókòó pẹ̀lú àwọn aṣáájú ẹlẹ́sìn Vodun, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ pé ó fi Kristi sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ tèmi kò sì gbàgbé Ìpàdé Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè ti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, níbi tí wọ́n ti jíròrò bí a ó ṣe máa ṣe ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Isidore de Souza jẹ́ alága rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti sá kúrò nílùú àti àwọn tí wọ́n wà nínú ìjọba tí wọ́n sá fún jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà, Ààrẹ Mathieu Kérékou sì gba ìpinnu tí wọ́n ṣe. Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wa ní gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá yẹn. Ohun tí ó ṣeé ṣe láàárín wọn yẹ kí ó ṣeé ṣe láàárín ẹni méjì tí wọ́n jọ pín ògiri.

Pípadà síwájú pẹpẹ

Ó lè jẹ́ pé ẹ ó lọ, wọn kò sì ní dá yín lóhùn. Ẹ má ṣe lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan náà bí ẹni tí ń gba gbèsè. Ẹ tún ohun tí ó wà ní ọwọ́ yín ṣe, kí ẹ sì máa kí i bí ẹ ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, yálà ó dáhùn tàbí kò dáhùn.

Ọjọ́ kẹfà àti ọjọ́ keje wà fún apá ìkẹyìn ẹsẹ náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: kí ẹ padà wá. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti làjà tán rí, inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rántí àdúrà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ewúrẹ́ ṣì wà ní ìdè níbẹ̀. Ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ àpò gàrí yín, ẹ ka ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ẹni náà, láìbẹ Ọlọ́run pé kí ó yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú tí ó bá ṣẹ́ kù. Èyí ni ìgbésẹ̀ kẹrin orí àkàbà, n kò sì ní púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e, Lúùkù orí 18, ẹsẹ 9 sí 14 ni mo máa ń fún àwọn ènìyàn, ìtàn Farisí àti agbowó-òde tí wọ́n jọ gòkè lọ gbàdúrà, nítorí pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ làjà ni ó nílò rẹ̀ jù. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo gbẹ́ gọ́tà yẹn, mo ti sọ ìtàn rẹ̀ fún ènìyàn mẹ́rin kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.